Def Leppard: Bí ẹgbẹ́ olórin tí onílù wọn ní apá kan ṣoṣo ṣe la ìjàm̀bá, gbèsè àti ikú kọjá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi ń lu ìlù lójú agbo láti ọdún 1986, tí àwo orin ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó tà jùlọ nínú orin rọ́ọ̀kì.

Rick Allen lorúkọ rẹ̀. Def Leppard lorúkọ ẹgbẹ́ náà.

Bí ẹ bá gbọ́ ìtàn wọn dáadáa, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ìtàn orin nìkan. Ìtàn ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ ṣe ni, nígbà tí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìbéèrè yìí délẹ̀kùn Def Leppard, ìdáhùn ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì rí bákan náà.

Ta ni Def Leppard?

Ìlú Sheffield, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1977. Ìlú irin ni Sheffield. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ ọ̀bẹ àti ṣíbí tí gbogbo ayé ń rà láti ìgbà pípẹ́. Kódà, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ṣíbí ni àwọn ọmọ náà ti ń péjọ láti fi orin dánra wò.

Rick Savage tó ń ta básì gìtá àti Pete Willis tó ń ta gìtá ti ní ẹgbẹ́ kékeré kan tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí bọ́ọ̀sì fi Joe Elliott sílẹ̀, ó pàdé Willis lọ́nà, ọ̀rọ̀ wọ̀ láàárín wọn, bó ṣe di olórin ẹgbẹ́ nìyẹn. Òun náà ló mú orúkọ wá. Bí ẹ bá túmọ̀ rẹ̀, "Ẹkùn Adití" ni. Wọ́n wá yí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ padà.

Steve Clark, tóun náà ń ta gìtá, dara pọ̀ mọ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1978. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún náà parí, wọ́n polówó pé àwọn ń wá onílù. Ìyá ọmọ kan ló rí ìpolówó náà, òun ló sì dáhùn rẹ̀ lórúkọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ni Rick Allen. Ọmọ ọdún 15 péré ni nígbà náà.

Ní ọdún 1979, wọ́n gbé àwo kékeré kan jáde fúnra wọn. John Peel, ìlú-mọ̀ọ́ká sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí rédíò BBC, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lórí ètò rẹ̀. Ẹ ò rí i pé rédíò ló kọ́kọ́ gbé wọn síta. Kò pẹ́ sígbà náà tí ilé iṣẹ́ ńlá tó ń gbé orin jáde fi bá wọn tọwọ́ bọ̀wé.

Ilé kọ̀ wọ́n, òde gbà wọ́n

Ní ọdún 1980 ni àwo orin wọn àkọ́kọ́, On Through the Night, jáde. Ó tà díẹ̀, àmọ́ wàhálà tẹ̀lé e. Ọ̀kan nínú orin inú rẹ̀ ń kí Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti lọ ṣeré lọ́hùn-ún. Àwọn olólùfẹ́ rọ́ọ̀kì nílé wá ní, "Ṣé ẹ ti gbàgbé wa nìyẹn?"

Nígbà tí wọ́n bọ́ sórí pèpéle níbi àjọ̀dún orin Reading lóṣù Kẹjọ ọdún náà, agolo àti ìgò làwọn kan ń sọ lù wọ́n. Ọmọ ogún ọdún tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Ìtìjú ńlá ni.

Ẹni tó bá wọn tún ọ̀nà ṣe ni Robert John Lange, tí wọ́n ń pè ní Mutt. Ọmọ tí wọ́n bí ní Zambia tó sì dàgbà ní South Africa ni. Òun ló wà nídìí iṣẹ́ AC/DC tó ta kárí ayé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó jókòó ti olórin nínú sítúdíò, kó sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó, kó sì ní kí wọ́n tún un ṣe títí ara òun yóò fi balẹ̀. Aláìgbẹ̀fẹ̀ gbáà ni nídìí iṣẹ́ yìí.

Àwo tó kọ́kọ́ bá wọn ṣe ni High 'n' Dry, lọ́dún 1981. Ọdún yẹn gan-an ni MTV bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó jẹ́ pé fídíò orin ló ń fi hàn tọ̀sán-tòru. Fídíò Def Leppard wà lára èyí tí wọ́n ń fi hàn léraléra, bẹ́ẹ̀ ni ojú wọn ṣe di èyí tí ọmọ Amẹ́ríkà mọ̀.

Ìgbà yìí ni ìbéèrè àkọ́kọ́ dé. Ọtí ti gba Pete Willis lọ́wọ́ iṣẹ́. Lóṣù Keje ọdún 1982, wọ́n ní kó máa lọ, wọ́n sì mú Phil Collen, ọmọ ìlú London, dípò rẹ̀. Ẹni tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n lé yẹn o.

Àwo orin tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà, Pyromania, jáde lóṣù Kìíní ọdún 1983. Ó gòkè dé ipò kejì ní Amẹ́ríkà. Ta ló wà ní ipò kìíní? Michael Jackson ni, pẹ̀lú Thriller. Pyromania ti ta ju mílíọ̀nù 10 lọ ní Amẹ́ríkà nìkan.

Ọjọ́ tí ọdún 1984 parí

Ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá ọdún 1984, Rick Allen wà nínú ọkọ̀ Corvette rẹ̀ lójú ọ̀nà A57 nítòsí Sheffield. Ọmọ ọdún 21 ni. Ó ń gbìyànjú láti kọjá ọkọ̀ mìíràn, ọkọ̀ tirẹ̀ yà kúrò lójú títì níbi kọ́nà, ó kọlu ògiri, ó sì takìtì bọ́ sínú pápá. Bí ó ṣe fò jáde nínú ọkọ̀, apá òsì rẹ̀ gé kúrò.

Àwọn dókítà gbìyànjú, wọ́n so apá náà padà. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn wọ ojú ọgbẹ́, wọ́n sì ní láti tún gé e.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí nǹkan wà fún ẹgbẹ́ náà. Àwo orin tuntun wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì parí. Owó ti ń wọlé, olólùfẹ́ ti ń retí. Onílù tó ní apá méjì sì pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ewé rúmọ̀. Kò sí ẹni tí ì bá bá wọn wí tí wọ́n bá mú ẹlòmíràn.

Wọn kò mú ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n sọ ni pé Allen fúnra rẹ̀ ni yóò sọ bóyá òun ṣì fẹ́ ṣe é tàbí òun kò ṣe mọ́. Ìdáhùn ìbéèrè kejì nìyẹn.

Báwo ni apá kan ṣe ń ṣe iṣẹ́ apá méjì?

Orí ibùsùn nílé ìwòsàn ni Allen ti rí ọ̀nà àbáyọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹ fóòmù tó wà ní ìdí ibùsùn, ó sì rí i pé ohun tí ọwọ́ òsì òun máa ń ṣe, orí òun ṣì mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ lè gbà á ṣe.

Fún ẹni tí kò bá mọ bí ìlù òyìnbó ṣe ń ṣiṣẹ́, onílù kan ṣoṣo ló ń jókòó sáàárín ìlù púpọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ èyí tó ń dún gbì-gbì nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ló ń pa àwo irin méjì dé, tó sì ń ṣí wọn. Ọwọ́ méjèèjì ló wà fún ìyókù. Bí ọwọ́ kan bá lọ, ìdajì iṣẹ́ òkè ti lọ nìyẹn.

Iléeṣẹ́ Simmons, tó ń ṣe ìlù oníná mànàmáná, bá a kan ìlù tuntun. Wọ́n to pẹ́dàlì sí abẹ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Bó bá tẹ ọ̀kan, ìró ìlù tí ọwọ́ òsì ì bá lù yóò jáde. Bó bá tẹ òmíràn, ìró mìíràn yóò jáde. Ọwọ́ ọ̀tún wá ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ lókè.

Ní ẹnu, ó rọrùn. Ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ tó lè yára bí ọwọ́, ó gba pé kéèyàn kọ́ ìlù lákọ̀tun bí ọmọ kékeré. Ó lé ní ọdún kan tó fi ń kọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe àwọn eré kéékèèké ní Ireland lọ́dún 1986, wọ́n mú onílù kan, Jeff Rich, kó máa lu ìlù pẹ̀lú Allen, bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Rich pẹ́ kó tó dé. Àsìkò eré ti tó. Allen nìkan bẹ̀rẹ̀, ó sì lù ú dáadáa. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ onílù kejì mọ́.

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n bọ́ síwájú èrò rẹpẹtẹ níbi àjọ̀dún Monsters of Rock ní Donington. Nígbà tí Elliott pe orúkọ onílù rẹ̀, ariwo ayọ̀ sọ. Àwọn ará ilé tó sọ agolo lù wọ́n lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn kọ́ nìyẹn mọ́.

Gbèsè tó wà lẹ́yìn àwo orin Hysteria

Àmọ́ ìdúródeni náà ní iye tó náni. Kì í ṣe ìjàm̀bá Allen nìkan ló fà á tí àwo orin tuntun fi pẹ́. Mutt Lange kò kọ́kọ́ ráyè, wọ́n bá mú Jim Steinman, ẹni tó kọ orin fún Meat Loaf. Iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tiwọn mu, wọ́n jọ túká. Wọ́n gbìyànjú láti dá a ṣe, kò yọrí. Lange padà wá, òun náà tún ní ìjàm̀bá ọkọ̀. Ṣegede mú Joe Elliott, kò lè kọrin. Gbogbo rẹ̀ wá lọ bẹ́ẹ̀ ṣáá.

Sítúdíò kì í ṣe ọ̀fẹ́. Iléeṣẹ́ tó ń gbé orin jáde ló máa ń kọ́kọ́ san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n orí olórin ni gbèsè náà wà. Nínú owó tí àwo bá pa ni wọn yóò ti kọ́kọ́ yọ ọ́, kó tó kan ẹni tó kọrin. Wọ́n ní Hysteria gbọ́dọ̀ ta mílíọ̀nù 5 kí owó tí wọ́n ná tó lè wọlé padà. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ irú gbèsè bẹ́ẹ̀, tí orin rẹ̀ kò bá tà, ó tán nìyẹn.

Ó jáde ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹjọ ọdún 1987. Nílé, ó lọ sí ipò kìíní lójú ẹsẹ̀. Ṣé ẹ rántí pé ilé ló kọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀? Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Ó ń tà, àmọ́ kò tíì tà tó.

Orin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ kẹ́yìn pátápátá, nígbà tí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Elliott ń ṣeré pẹ̀lú gìtá lásìkò ìsinmi, Lange gbọ́ ọ, ó ní orin ńlá lèyí. Orin náà ni Pour Some Sugar on Me. Nígbà tó fi máa di ọdún 1988, àwọn olùgbọ́ rédíò ní ìpínlẹ̀ Florida ń pe iléeṣẹ́ rédíò pé kí wọ́n bá àwọn lo orin yìí, wọ́n sì ń pè ṣáá. Láti ibẹ̀ ló ti tàn káàkiri Amẹ́ríkà.

Lóṣù Keje ọdún 1988, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan lẹ́yìn tó jáde, Hysteria bọ́ sí ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Lóṣù Kẹwàá, Love Bites, orin mìíràn nínú rẹ̀, náà gba ipò kìíní. Àwo náà ti ta ju mílíọ̀nù 20 lọ kárí ayé. Ọmọ alápá kan ni onílù ẹgbẹ́ tó ṣe é.

Ẹni tí wọn kò rí gbà sílẹ̀

Ìbéèrè kẹta ló le jù. Steve Clark, tó kọ púpọ̀ nínú ohùn gìtá tó sọ Def Leppard di Def Leppard, ń mutí. Òun àti Phil Collen ni wọ́n jọ máa ń mu ún tẹ́lẹ̀, kí Collen tó jáwọ́ pátápátá. Clark kò rí i jáwọ́. Wọ́n gbé e lọ fún ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ń padà sídìí ẹ̀.

Àwọn tó lé Willis ní ọdún 1982 kò lé Clark. Lọ́dún 1990, wọ́n fún un ní ìsinmi oṣù mẹ́fà kó lọ tọ́jú ara rẹ̀. Inú ìsinmi yẹn ló wà nígbà tó kú nílé rẹ̀ ní London, ní ọjọ́ 8, oṣù Kìíní ọdún 1991. Ọtí tó pàdé oògùn tí dókítà kọ fún un ló pa á. Ọmọ ọdún 30 ni.

Dídúró ti ẹni gba Allen là, kò gba Clark là. Ohun tó yàtọ̀ ni pé Allen mọ ohun tó ń bá jà, ó sì ń bá a jà lójoojúmọ́. Ti ọtí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ lè dúró ti alárùn ọtí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò lè bá a fi ife sílẹ̀.

Phil Collen nìkan ló ta gbogbo gìtá inú àwo tó tẹ̀lé e, Adrenalize. Ó jáde ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 1992, ó sì wọ ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Lọ́dún náà ni wọ́n mú Vivian Campbell, ọmọ Belfast, láti dípò Clark.

Ìgbà yí padà

Ìgbà kì í lọ bí òréré. Ní ọdún 1991, Nirvana, ẹgbẹ́ kan láti agbègbè Seattle ní Amẹ́ríkà, gbé Nevermind jáde. Àwọn yìí ò fẹ́ aṣọ dídán, wọn ò fẹ́ iná aláràbarà. Ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni wọ́n wọ̀, ìbànújẹ́ ni wọ́n ń kọ lórin. Láàárín ọdún méjì, rédíò àti MTV ti yíjú sọ́dọ̀ wọn. Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó gbajúmọ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1989 wá dà bí aṣọ ẹbí ọdún tó kọjá.

Def Leppard gbìyànjú láti bá ìgbà yí. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹwàá ọdún 1995, wọ́n ṣe eré mẹ́ta ní ilẹ̀ mẹ́ta láàárín ọjọ́ kan: Tangier ní Morocco, níbí ní Áfíríkà, London, àti Vancouver ní Canada. Wọ́n wọ ìwé àkọsílẹ̀ Guinness. Lọ́dún 1996, wọ́n gbé Slang jáde, orin tó ṣókùnkùn, tó jọ ti àsìkò. Kò tà. Àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ ní àwọn ò mọ̀ wọ́n mọ́, àwọn ọ̀dọ́ tuntun náà kò sì wá.

Ní ọdún 1999, wọ́n padà sí ohùn tí wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ nínú Euphoria. Ògo ti àtijọ́ kò padà bọ̀ lórí títa àwo, ṣùgbọ́n èrò ṣì ń wá wòran wọn. Ibi tí oúnjẹ wọn ti ń wá nìyẹn láti ìgbà náà: ojú agbo.

Ta ló ni orin yẹn?

Nígbà tí gbígbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ẹni tó bá wá Hysteria níbẹ̀ kò rí i. Ẹgbẹ́ náà àti iléeṣẹ́ tó ń gbé orin wọn jáde kò fẹnu kò lórí iye tó yẹ kí olórin máa gbà. Àwọn olórin ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n sì sọ ọ́.

Ohun tí wọ́n wá ṣe lọ́dún 2012 pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Wọ́n padà sí sítúdíò, wọ́n tún kọ Pour Some Sugar on Me àti Rock of Ages lákọ̀tun, wọ́n sì gbìyànjú kí ó má yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ rárá. Ayédèrú orin ara ẹni! Oṣù Kìíní ọdún 2018 ni wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ náà, tí orin wọn fi bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà Hysteria bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé

Ìṣòro kò dáwọ́ dúró. Lọ́dún 2013, Vivian Campbell kéde pé àrùn jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ń pè ní Hodgkin ń bá òun fínra. Ó ń gba ìtọ́jú, ó sì ń bá wọn ṣeré. Ẹgbẹ́ náà kò mú ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ pátápátá.

Lóṣù Kẹta ọdún 2019, wọ́n fi Def Leppard sínú Rock and Roll Hall of Fame, níbi tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn àgbà olórin rọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà. Brian May ti ẹgbẹ́ Queen ló mú wọn wọlé. Orúkọ Steve Clark wà níbẹ̀. Orúkọ Pete Willis tí wọ́n lé náà wà níbẹ̀. Nígbà tí Elliott dárúkọ Rick Allen, gbogbo ilé dìde, omijé sì bọ́ lójú onílù náà.

Lóṣù Kẹta ọdún 2023, ẹnì kan sá dé, ó ti Allen ṣubú níwájú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Florida, ó sì fi orí gbalẹ̀. Lóṣù Karùn-ún ọdún náà, ó ti wà nídìí ìlù rẹ̀ ní pápá bọ́ọ̀lù Bramall Lane, ní Sheffield tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Elliott àti Savage ṣì wà. Collen ṣì wà. Ìlù náà ṣì ní pẹ́dàlì lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì. Allen àti ìyàwó rẹ̀ tún dá àjọ kan sílẹ̀, Raven Drum Foundation, tó ń fi ìlù ran àwọn tí ogun tàbí ìjàm̀bá ti ṣe lọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, pàápàá jùlọ àwọn sójà tó ti jà lójú ogun. Bí ẹnì kan nínú wọn bá sọ fún un pé ọwọ́ òun kò ṣe é lò mọ́, ó mọ ohun tí ẹni náà ń sọ.